Ọmọ tó lọ kàwé n'Ífẹ̀, ta ló ń bá rìn?

Nígbàkígbà tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà n'Ílé-Ifẹ̀ bá gba ọmọ tuntun wọlé, ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì ńlá yóò rí àwọn òbí tó ti Ìkirè, Ìlá, Ifẹ́tẹ̀dó àti ọ̀nà tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ wá. Fóòmù tí ọmọ máa sùn lé lórí á wà lórí mọ́tò, àpò gààrí, sítóòfù àti gálọ́ọ̀nù epo á wà nínú búùtù. Ìyá á gbàdúrà lé ọmọ lórí, bàbá á ka owó lé e lọ́wọ́, wọn á ní kó rántí ọmọ ẹni tí í ṣe, wọn á sì padà sílé. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Àwọn ẹlòmíràn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ọmọ burúkú, ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé, ló ń wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wọn fi ń balẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn kọ́ ọmọ tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dá wà, tí kò mọ ẹnì kankan nínú ọgbà, tí owó ọwọ́ rẹ̀ ti tán, tàbí tí ẹnì kan ń halẹ̀ mọ́, ni ó rọrùn jù lọ fún wọn láti mú. Ẹni tó sì ń mú un lọ, ọ̀rẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń pe ara rẹ̀.

ÒRU ỌJỌ́ KẸWÀÁ OṢÙ KEJE

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ojú ewé yìí yóò rántí ọdún 1999 dáadáa. Ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gorí àga ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, tọmọdé tàgbà sì ń retí pé ara yóò tu ìlú. Kò tíì pé oṣù méjì tí ọ̀fọ̀ ńlá fi ṣẹ̀ n'Ífẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ènìyàn kàwé nínú ọgbà yẹn títí di òní kó má gbọ́ ìtàn ọ̀hún.

Ní òru mọ́jú Sátidé, ọjọ́ 10, oṣù Keje, nígbà tí aago mẹ́ta ti lù, nǹkan bí ogójì ènìyàn ya wọ inú ọgbà yunifásítì, wọ́n sì kọrí sí Awó Họ́ọ̀lù, ìyẹn ilé tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ń gbé. Aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi nǹkan bojú, ìbọn àti àáké ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ Black Axe, ìyẹn Àáké Dúdú, ni wọ́n. Wọn kò wá jalè. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń wá láti yàrá dé yàrá.

Ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, Lanre Adeleke, ẹni tí gbogbo ọgbà mọ̀ sí Legacy, ráyè gba ojú fèrèsé bẹ́ sílẹ̀, orí sì kó o yọ. George Iwilade kò ráyè. Òun ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà, ìmọ̀ òfin ló ń kọ́, Afrika sì ni àwọn ojúgbà rẹ̀ ń pè é. Wọ́n yìnbọn pa á. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin mìíràn bá a lọ: Eviano Ekelemu tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, Yemi Ajiteru, Babatunde Oke àti Godfrey Ekpede. Àwọn mìíràn fara gbọgbẹ́.

Kí ni wọ́n ṣe? Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ kò fẹ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn nínú ọgbà, wọ́n sì ń sọ ọ́ síta gbangba. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999 kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ká àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kan mọ́ inú ilé, wọ́n bá ohun ìjà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ohun tí òfin ní kí ọmọ ìlú rere ṣe gan-an ni wọ́n ṣe yẹn. Ẹjọ́ náà kò dé ibì kankan. Wọ́n tú àwọn tí wọ́n mú sílẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ló wà láàárín ìgbà náà àti òru tí wọ́n wá pa Afrika.

Lẹ́yìn ìpànìyàn náà, ìbínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ru sókè, ìjọba àpapọ̀ ní kí ọ̀gá àgbà yunifásítì ìgbà náà lọ rọ́kún nílé, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, ọlọ́pàá mú àwọn kan, wọ́n sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, a kò rí ẹnì kan tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú àwọn ọmọ márùn-ún náà. Ó ti lé ní ọdún 25. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje bá pé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ a máa ṣe ìrántí wọn, àwọn tí kò tíì dáyé nígbà náà a sì máa pe orúkọ Afrika bí ẹni pé àná ló kú.

Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ nínú ìtàn yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó gbé àáké lóru ọjọ́ náà. Àwọn náà ní ìyá tó gbàdúrà lé wọn lórí lẹ́nu géètì, wọ́n ní bàbá tó ta kòkó tàbí tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kí wọ́n lè rí owó ilé ìwé san. Kò sí èyí tó kúrò nílé pé òun ń lọ kọ́ bí a ṣe ń pa ẹni ẹlẹ́ni lójú oorun.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

N'Íbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, àwáàdà sì pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún 1952, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn ṣì wà lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù, akẹ́kọ̀ọ́ méje kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká tó padà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986 wà nínú wọn. Olúmúyìwá Awẹ̀, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ bí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ṣe ń fi ara wé òyìnbó, àwọn kò fẹ́ ìgbéraga àwọn ọmọ olówó, àwọn kò sì fẹ́ ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Wọ́n ń múra bí ajalèlókun, wọ́n ń fi àwọn agbéraga ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ padà wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n n'Ífẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àárín wọn kò gún títí. Lọ́dún 1972, àwọn tó bá Pyrates jà, tí wọ́n lé jáde, lọ dá Buccaneers sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Ẹyẹ ti jáde n'Íbàdàn kí ó tó dìgbà yẹn. Black Axe jáde ní Yunifásítì Benin lọ́dún 1977, ìjà òmìnira aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì ní àwọn ń jà. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn du ọmọ tuntun, tí wọ́n ń du obìnrin, tí wọ́n ń du ipò. Ní 1984, Pyrates kéde pé àwọn ti jáde kúrò nínú ọgbà gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kù kò jáde. Láyé àwọn ológun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àwọn kan tó wà nípò ń lo àwọn ọmọ yìí láti fi dẹ́rù ba ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ta ko ìjọba. Bí eré ṣe di ìbọn nìyẹn.

Ẹni tó ní ọmọ lókè òkun lè sọ pé àwọn òyìnbó náà ń ṣe é. Òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin pọ̀ nínú yunifásítì, lẹ́tà èdè Gíríìkì ni wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ. Dókítà Nnamdi Azikiwe, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, wà nínú èyí tó ń jẹ́ Phi Beta Sigma, tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard lọ́dún 1914. Kwame Nkrumah ti Ghana náà wà níbẹ̀. Orúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé yunifásítì, a mọ olórí wọn, ọmọ ẹgbẹ́ á wọ aṣọ rẹ̀ jáde lọ́sàn-án gangan. Síbẹ̀ náà, ọtí àmupara àti ìyà tí wọ́n fi ń gba ọmọ tuntun wọlé ti pa ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Lọ́dún 2017, ọmọ ọdún 19 kan kú bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania, wọ́n sì gbé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn àgbà mìíràn á tún bi wá pé, "Ṣé àwọn baba wa kò ṣe Ògbóni ni?" Ìbéèrè náà tọ́, pàápàá n'Ífẹ̀ tí ìlú ti mọ imùlẹ̀ kí yunifásítì tó dé lọ́dún 1967. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Awo ni Ògbóni, síbẹ̀ ìlú mọ ibi tí ilédì wà, ìlú mọ ẹni tí í ṣe Olúwo àti ẹni tí í ṣe Apènà. Àgbà tó ní ilé, tó ní ọmọ, tí ọ̀rọ̀ ìlú kàn, ló ń jókòó níbẹ̀, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n sì ń kó ọba tó bá fẹ́ ṣi agbára lò níjàánu. Kódà nígbà tí Àlùfáà Ogunbiyi dá Ògbóni tuntun sílẹ̀ lọ́dún 1914, orúkọ rẹ̀ ló fi ṣe é, kò bojú. Ta ni nínú àwọn baba wa tó ń tan ọmọ ọdún 17 wọ igbó lóru, tó ń fi pàṣán nà án títí ara rẹ̀ á fi bó, tó wá ní kí ó má sọ fún ìyá rẹ̀?

BÍ WỌ́N ṢE Ń MÚ ỌMỌ

Jámbáìtì ni wọ́n ń pe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Yàrá inú ọgbà kò tó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń gba ilé sí ìta, ní Aṣérífà, Damico, Mayfair, Làgéré àti àwọn àdúgbò tó yí wọn ká. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń dá gbọ́únjẹ, tó ń dá sùn, tí kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó wọlé lálẹ́ tàbí kò wọlé.

Ẹnì kan tó ti pẹ́ ní ilé ìwé á wá bá a ṣọ̀rẹ́. Á fi ibi tí wọ́n ti ń ra ìwé aláwọ̀tẹ́lẹ̀ hàn án, á yá a lówó nígbà tí ti ilé bá pẹ́ dé, á bá a lé ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ dára. Ọjọ́ kan á ní kó ká lọ síbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Wọn á fún un lọ́tí, àwọn tó bá níbẹ̀ á máa pe ara wọn ní arákùnrin. Nígbà tó bá yá, wọn á sọ fún un pé ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni, pé àwọn ọ̀gá ńlá wà níbẹ̀ tí yóò báni wáṣẹ́, pé olùkọ́ kankan kò ní lè gbé e lulẹ̀. Ìgbà tó bá ti tẹ̀lé wọn dénú igbó lóru ni yóò tó mọ ohun tó jẹ́. Lílù ni wọ́n fi ń gba ènìyàn wọlé. Wọ́n lè fi abẹ gé e lára, wọ́n á mú un búra, wọ́n á sì sọ fún un pé ẹni tó bá tú àṣírí yóò kú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un láàárín ara wọn ni bìlẹ́ńdì. Bí ọmọ bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ìtìjú àti ẹ̀rù ni yóò máa pa á mọ́ sínú ẹgbẹ́ ju ìbúra lọ.

Ẹ má rò pé ọkùnrin nìkan ni. Àwọn obìnrin náà ní tiwọn, lára èyí tí orúkọ rẹ̀ ti hàn síta ni Daughters of Jezebel, ìyẹn Àwọn Ọmọbìnrin Jésébẹ́lì. Wọ́n máa ń lo àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí láti gbé ohun ìjà, láti ṣe amí, tàbí láti fa ọkùnrin tí wọ́n ń wá jáde.

Ẹ má sì ṣe gbé gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀. Bí ọmọ yín bá ní òun wà nínú Kegites, ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu nìyẹn. Wọ́n ń lulù, wọ́n ń kọrin ní gbangba, ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ òun mu ẹmu lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n wọn kò bojú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà, ẹgbẹ́ Krìstẹ́nì àti ti Mùsùlùmí wà, ẹgbẹ́ oníròyìn àti ti eléré wà. Lójú tèmi, ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ tó dára kan láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní odi tó yí i ká, nítorí bí kò bá wá sípàdé lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan á bèèrè rẹ̀. Òbí tó bá sọ fún ọmọ pé kó má bá ẹnikẹ́ni ṣe, pé kó kàwé nìkan, lè máà mọ̀ pé òun ń sọ ọ́ di adánìkanwà tí àwọn kan ń wá kiri.

Òfin kò gbà á. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 38, sọ pé ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn àti èrò ọkàn tí gbogbo ènìyàn ní kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti dá ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2021, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó ní ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó wà nínú rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 gbára. Yunifásítì náà kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, lílé ni wọ́n ń lé ọmọ tí wọ́n bá ká mọ́ ọn, gbogbo owó tí òbí ti ná á sì wọgbó. Ẹgbẹ́ náà kò sì dúró sínú ọgbà mọ́. Ó ti dé ibùdókọ̀, ó ti dé ojú pópó. Lọ́dún 2022, àwọn ọlọ́pàá àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Interpol kéde pé àwọn mú ènìyàn tó lé ní 70 ní orílẹ̀-èdè 14 lórí ọ̀rọ̀ Black Axe àti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn wọn. Ẹgbẹ́ tó wọ Awó Họ́ọ̀lù lọ́dún 1999 nìyẹn.

Kí ni òbí tó wà lóko lè ṣe? Ó lè ṣe púpọ̀. Nígbà tí a kò ní fóònù, lẹ́tà ni, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Nísinsìnyí, ẹ lè pe ọmọ ní alẹ́ Sátidé kí ẹ gbọ́ ariwo ibi tó wà. Ẹ má bi í ní "Ṣé o ń kàwé?" nìkan, nítorí "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé ta ni wọ́n jọ ń gbé, ọmọ ìlú wo ni, kí ni ó jẹ lánàá àti ẹni tó fún un. Bí ó bá ń dárúkọ ọ̀rẹ́ kan léraléra, ẹ ní kó mú un wálé lásìkò ìsinmi kí ẹ fi ojú rí i. Bí ọmọ tí kì í tọrọ owó bá ṣàdédé ń bèèrè owó tí kò lè ṣàlàyé, bí ó bá ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn, bí kò bá fẹ́ padà sí ilé ìwé tí kò sì sọ ìdí rẹ̀, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í. Ẹ tún jẹ́ kí ó mọ̀ kí ó tó lọ pé, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹ kò ní lé e jáde nílé. Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ọmọ ni pé, "Bí bàbá rẹ bá gbọ́, ó parí fún ọ."

Bí ọmọ bá sì ti wọ̀ ọ́ ńkọ́? Ó ṣòro láti jáde, a kò ní tan ara wa jẹ, àwọn kan ti kú níbi tí wọ́n ti fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti jáde. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, yunifásítì àti ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn ti ṣètò níbi tí àwọn ọmọ ti wá kọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀, tí wọ́n sì dárí jì wọ́n. Kí òbí má bínú ju ẹrù ọmọ síta, kó má sì sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fi ìyẹn gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wà ní yunifásítì, ibẹ̀ ni kí òbí kọ́kọ́ lọ, kó bèèrè fún àwọn tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn, kó sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ̀mí ọmọ bá wà nínú ewu, wọ́n lè bá a ṣètò láti sinmi fún ọdún kan tàbí láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Kí bàbá tàbí ìyá bá ọmọ náà dé ọ́fíìsì yẹn fúnra wọn, kó má dá lọ.